Iṣẹ́ Ìjókòó-Wo-Ọmọ

Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ kò ní irinṣẹ́ kankan, òfin rẹ̀ kò sì pọ̀. Wá ìdílé tí o kò mọ̀ rí, tí ìyàwó ilé wà nínú oyún. Láti ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá ti délé, máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, ní agogo kan náà, kí o jókòó fún wákàtí kan gbáko. Wo ọmọ náà. Má gbé e. Bó bá rẹ́rìn-ín sí ọ, rẹ́rìn-ín padà, ṣùgbọ́n má pè é sí eré. Má gba ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn. Má yọ bírò níwájú wọn. Tí o bá délé, kọ gbogbo ohun tí o rí bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, ní èdè tí ìyá aláta yóò fi gbọ́ ọ. Ọdún méjì ni wàá fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tó gbé òfin wọ̀nyí kalẹ̀ ni Esther Bick, Júù ọmọ ilẹ̀ Poland tí wọ́n bí ní 1902. Ó kàwé gboyè ní Vienna, ó sá fún Hitler, ó sì fìdí kalẹ̀ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1948, nígbà tí wọ́n ń dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Tavistock Clinic ní Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ Dókítà John Bowlby, fún àwọn tí yóò máa tọ́jú ọkàn ọmọdé, Bick ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sún mọ́ ọmọ tí nǹkan ń ṣe, kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe. Ní 1960, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣe psychoanalysis nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gba àṣà yìí wọlé. Psychoanalysis yìí ni iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn tí Sigmund Freud dá sílẹ̀ ní Vienna: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń tẹ́tí, wọ́n sì jọ ń wá ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, nílé àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí àwọn ọ̀gá fi ń yìn mí ni pé ọmọ kì í pẹ́ ké lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí abẹ́rẹ́ dà láàmú, bí mo bá ti gbà á mọ́ra, tí mo rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí mo fi nǹkan dídán hàn án, ó ti parí. Obìnrin kan wá ń wá sí wọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà náà, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Á rìn kọjá lára gbogbo àwọn tó ń ké, á fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọ náà ń jẹun, ó ń lo oògùn, kì í béèrè ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni àwa nọ́ọ̀sì ń pè é. Mo bi obìnrin náà pé kí ló ń wá lọ́dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ti mọlé, nígbà tí àwọn tó ń sunkún kún ilẹ̀. Ó ní àwọn tó ń sunkún ṣì ń retí pé ẹnì kan máa dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Obìnrin náà ló júwe ilé-ẹ̀kọ́ kan fún mi ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìjókòó-wo-ọmọ.

Kí a tó wá ilé tí a ó máa lọ, wọ́n kó ìwé fún wa kà. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Freud ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní 1905, pé ìgbádùn ara ọmọdé ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tó fi ń mu ọmú, ó ń sún lọ sí ìdí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ bí a ṣe ń yàgbẹ́, ó tún ń sún lọ sí ojú ara, kó tó wá rọlẹ̀ títí di ìgbà ìbàlágà. Nínú kíláàsì wa pàápàá, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú. N kò bá wọn wí. Ìpele wọ̀nyí tò létòlétò lórí ìwé ju bí mo ti rí wọn lára ọmọ kankan lọ. Ohun tó wúlò fún mi ni ohun tó sọ nípa àìbalẹ̀ ọkàn, nítorí pé níbẹ̀ ni bàbá náà ti já ara rẹ̀ nírọ́.

Ní 1895, Freud gbà pé àìbalẹ̀ ọkàn kò ju ìfẹ́ ara tí kò rí ọ̀nà gbà jáde lọ, tó wá dìdàkudà síni nínú. Ní 1926, nígbà tó ń sún mọ́ ẹni 70 ọdún, ó gbé ìwé mìíràn jáde tó fi yí i padà. Ó ní akéde ni àìbalẹ̀ ọkàn, tó ń lu agogo pé ewu ń bọ̀ kí ewu náà tó wọ̀lú. Èwo wá ni ewu náà? Ó tò wọ́n: kí ọmọ má rí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́, kí ẹni náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí ìfẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n gé ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ìyà, nígbẹ̀yìn, kí ẹ̀rí ọkàn ọmọ fúnra rẹ̀ dojú kọ ọ́. Ọmọ ọwọ́ kò mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àgbàlagbà ń gbé gbogbo rẹ̀ kiri. Ó pẹ́ tí Freud ti ń sọ ìtàn ọmọ ọdún mẹ́ta kan tó wà nínú yàrá òkùnkùn, tó ń bẹ àǹtí rẹ̀ ní yàrá kejì pé kó máa bá òun sọ̀rọ̀. Àǹtí ní kí ni ọ̀rọ̀ fẹ́ ṣe nígbà tí kò kúkú lè rí òun? Ọmọ náà jẹ́ kó yé e pé ohùn rẹ̀ nìkan ti tó láti lé òkùnkùn lọ.

Anna, ọmọ Freud tó kẹ́yìn, wá kọ ìwé tirẹ̀ ní 1936 lórí ọgbọ́n tí èèyàn ń dá kí agogo yẹn má baà dun òun létí. Ẹlòmíràn á gbàgbé pátápátá. Ẹlòmíràn, òun ni inú ń bí, ṣùgbọ́n á gbà tọkàntọkàn pé aládùúgbò òun ni inú ń bí sí òun. Ọmọ tí olùkọ́ ń nà á dé ilé, á mú pàṣán, á di olùkọ́. Ọgbọ́n tó bá gba ọmọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún un dá. Bó bá ń dá a bẹ́ẹ̀ títí ó fi dàgbà, àwọn ará ilé á ní bí ìwà lágbájá ṣe rí nìyẹn. Mo ka ojú ewé náà ju ìgbà kan lọ, nítorí pé mo ń rí àwọn èèyàn mi nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Melanie Klein ní tirẹ̀, atúpalẹ̀-ọkàn tó ti Berlin dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1926, sọ pé inú ọmọ gan-an ni ewu ti ń wá, pé ìbínú ọmọ ọwọ́ sí ẹni tó ń fún un lọ́mú ń dẹ́rù ba ọmọ náà láti oṣù àkọ́kọ́. Òun àti Anna Freud fa ọ̀rọ̀ yìí wọ inú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń jiyàn nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ sórí ìlú. Ìjà náà kò tán. Ní kíláàsì wa, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fa àga rẹ̀ sí lo fi máa mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà.

Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn abiyamọ wò nílé ló bá mi wá ìdílé. Tọkọtaya Yorùbá ni wọ́n, ní Peckham, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ̀lùbọ́ àti pọ̀ǹmọ́ kò ti jìnnà sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ wa kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó ní mo ti lè mọ̀ wọ́n jù kí n tó débẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó ní kí n máa lọ, kí n ṣáà kọ ohun tí mo bá rí, kì í ṣe ohun tí mo mọ̀.

Ọmọkùnrin ni wọ́n bí. Ìyá ìyá rẹ̀ ti Òṣogbo wá ṣe ìtọ́jú ọmọ, físà olóṣù mẹ́fà ló mú wá. Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Ẹ kú ọwọ́ lómi, màmá. Ẹ kú ewu ọmọ." Ó fọ̀yàyà gbà mí, ó ní kí wọ́n fún mi ní málítì. Ọmọ sì bú sẹ́kún.

"Nọ́ọ̀sì, o ò gbọ́ pé ọmọ ń ké ni?"

"Mo gbọ́, mà."

"Gbé e nígbà náà."

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní kí n máa wò ni."

"Àwọn wo ni 'wọ́n'?"

N kò rí èsì gidi fún un. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ náà pé àwọn òyìnbó ti sọ nọ́ọ̀sì di àwòrán ara ògiri.

Ọwọ́ ń yún mi. Kò sí ohun tó nira nínú iṣẹ́ yìí fún ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ Yorùbá tó èyí: kí o jẹ́ obìnrin, kí o jẹ́ ìyá, kí ọmọ ọlọ́mọ máa ké níwájú rẹ, kí o sì ká ọwọ́ rẹ sórí itan. Ṣùgbọ́n òfin náà kì í ṣe ìkà, nítorí pé àwọn tó ni ọmọ wà níbẹ̀ tí wọn yóò gbé e. Ẹni tó bá sáré gbé e kò ní rí ohun tó ṣáájú ẹkún náà. Ẹni tó jókòó á rí i pé kí ọmọ tó la ẹnu rárá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká, orí rẹ̀ ti yà sápá kan, ó ti fi ẹnu wá nǹkan lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i.

Ìwé tí a bá kọ la ń gbé lọ sí kíláàsì. A kò pọ̀. Ẹnì kan á ka tirẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn yòókù á máa gbọ́. Olùkọ́ wa, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ní ìbéèrè kan tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀: kí lo rí? Akẹ́kọ̀ọ́ á ní inú ń bí ọmọ. Kí lo rí? Á ní ó di ẹ̀ṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì? Kí ìyá tó yí ojú padà ni, àbí lẹ́yìn tó yí i padà? Ojú ọmọ ńkọ́, ibo ló wà? Nígbà mìíràn, ìlà méjì péré á gbà wá ní ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ Freud tàbí ti Klein há àárín àkọsílẹ̀ rẹ̀, olùkọ́ á ní kó yọ ọ́, kó fi pamọ́ di ìgbà tó bá ti rí ọmọ.

Wákàtí tèmi sábà máa ń bọ́ sí ìgbà ìwẹ̀. Màmá á jókòó sórí àpótí kékeré nínú bálùwẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e. Kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, òrí fún ìpara lẹ́yìn náà. Kí omi tó kàn án, ní kété tí aṣọ bá kúrò lára rẹ̀, apá ọmọ náà á fò sókè, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹnu á là láìsí ohùn. Ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan kiri. Á rí gílóòbù tó wà lókè, á sì tẹjú mọ́ ọn, kò ní ṣẹ́jú. Nígbà tí màmá bá wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i láyà, tó bẹ̀rẹ̀ sí fi oríkì rẹ̀ kì í, ojú náà á kúrò lára iná, á sọ̀ kalẹ̀ sójú màmá, ẹsẹ̀ á sì dẹ̀.

Bick kọ ìwé kúkúrú kan ní 1968 tó dá lórí irú nǹkan báyìí. Ó ní ọmọ tuntun kò tíì ní ohun tó so ó pọ̀ nínú, ó ń bẹ̀rù pé òun á tú dànù. Nítorí náà ó ń fi ojú, etí, imú àti ẹnu di ohunkóhun mú, ìbáà ṣe iná, ìbáà ṣe ohùn, ìbáà ṣe òórùn, títí tí ọwọ́ tó ń dì í mú léraléra yóò fi jẹ́ kó mọ̀ pé òun ní awọ lára. Bí ọwọ́ yẹn bá ń já a kulẹ̀, ọmọ á ṣe awọ kejì fúnra rẹ̀. Á mú iṣan ara le gan-an, á máa mira ṣáá, á tètè di ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Mo ti rí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti rí wọn.

Wilfred Bion, tó ti ṣe ọ̀gá nínú ọkọ̀ ìjà onírin ní Ogun Àgbáyé Kìíní kó tó di dókítà ọkàn, kọ ọ́ ní 1962 pé ọmọ kò lè fúnra rẹ̀ ro ìpayà tó bá a. Ìyá ló ń gbà á sínú, tó ń rò ó, tó ń dá a padà fún un nígbà tó bá ti ṣeé gbé. Ìyá ọmọ tí mo ń wò kò ka Bion rí. Á gbé ọmọ séjìká, á máa bi í: "Kí ló dé? Ebi kọ́, o ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni. Àbí inú ń run ọ́? Ó dáa, inú ló ń run ọ́." Ibi tó ti ń wá ìdí ẹkún kiri báyìí, kó tó tilẹ̀ rí i, ẹkún náà ti ń rọlẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ atúpalẹ̀-ọkàn, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, 50 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kó máa sọ ohun tó bá sọ sí i lọ́kàn. Mo ti lọ wo àga ìdùbúlẹ̀ Freud fúnra rẹ̀ ní 20 Maresfield Gardens ní Hampstead, ilé tó sá wá ní 1938 tó sì kú sí ní September 1939. Ilé náà ti di mùsíọ́mù báyìí, kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Páṣíà ṣì bo àga náà. Èyí tí èmi dùbúlẹ̀ sí kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í sọ̀rọ̀ ilé létí àlejò, kí ló fẹ́ máa sọ? Mo dákẹ́ títí ó fi sú mi. Owó rẹ̀ sì wọ́n, n kò ní fi yín ṣeré. Ìdí kan nìyẹn tí irú wa kò fi pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ tí mo lè sọ fún ẹlòmíràn ni pé mo mọ ẹni tí mo ń rẹ̀ lẹ́kún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá nígbà tí mo bá sáré gbé ọmọ. Èmi náà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí físà màmá fẹ́ tán, ọmọ ti lé ní oṣù márùn-ún. Wọ́n ti di ẹrù sínú Ghana-must-go méjì. Gbogbo ilé fẹnu kò pé ìgbà tí ọmọ bá sùn ni kó lọ. Ìfẹ́ ló mú wọn rò ó bẹ́ẹ̀. Màmá sọ fún mi pé, "Tó bá fi rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, á ké. Èmi ò sì ní lè wọ mọ́tò." N kò sọ nǹkan kan. Òfin iṣẹ́ ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá ọmọ ṣílẹ̀kùn fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Kò ké rárá."

Òótọ́ ni, kò ké. Mo jókòó. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ohun ìṣeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn bá dún níbi kan nínú ilé náà, orí rẹ̀ á yà sí ẹnu yàrá tí màmá ń sùn, á dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á wá padà. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀já tí màmá fi sílẹ̀ pọ̀n ọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, tí wọ́n bá ti pọ̀n ọ́n, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì sùn lé e. Lọ́jọ́ náà, ó na apá méjèèjì ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó gbé orí sókè, ara rẹ̀ le gbandi. Ó mu ọmú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó ń mu ìka rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀ fún ìwẹ̀, ojú rẹ̀ tún lọ bá gílóòbù, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Ọkùnrin kan nínú wa ní ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè mọ ìyá àgbà yàtọ̀. Ó ní ìyá ọmọ ni àárò ìyá tirẹ̀ ń sọ, pé ọmọ kàn ń mu ìbànújẹ́ yẹn mọ́ ọmú ni. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà níbẹ̀. Olùkọ́ kò dá a lóhùn, ó ní kí n tún ibi tí mo ti kọ nípa ilẹ̀kùn kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ta ni orí ń yà sí?"

Ibí yìí ni mo ti bá ìwé àwọn atúpalẹ̀-ọkàn jà. Ìyá kan ṣoṣo ló kún inú rẹ̀. Bowlby pàápàá gbà pé ẹnì kan ni ọmọ ń fi ṣe olórí nínú àwọn tó so mọ́. Ọwọ́ tó ń di ọmọ yìí mú kì í ṣe ti ẹnì kan. Mary Ainsworth, tó lọ wo àwọn ọmọ ọwọ́ ní àwọn abúlé Uganda ní 1954 sí 1955, ti rí i níbẹ̀ pé ọmọ lè so mọ́ ju ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gbè sẹ́yìn àwọn tiwa tó ń fọ́nnu pé kò sí irú ìṣòro yìí nílẹ̀ Yorùbá nítorí pé gbogbo agbo ilé ló ń tọ́ ọmọ. Wọ́n rò pé bí ọwọ́ bá ti pọ̀, èyí tó bá kúrò kò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ ń ka ọwọ́ wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ wá gbé fíìmù kan wá fún wa wò, èyí tí James Robertson yà ní 1951. Ìtàn ọkùnrin yìí wù mí ju ti ọ̀pọ̀ dókítà lọ. Ọmọ Scotland ni. Nígbà ogun, Anna Freud àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dorothy Burlingham ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ ní Hampstead fún àwọn tí bọ́ǹbù tú ilé wọn ká. Robertson ni wọ́n gbà síbẹ̀ láti máa dáná sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ṣùgbọ́n Anna Freud ní gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, dórí ẹni tó ń dáná, gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó bá rí lára àwọn ọmọ sórí páálí. Ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti kọ́ bí a ṣe ń wo ọmọ. Àwọn obìnrin méjèèjì kọ̀wé ní 1943 pé àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá wọn lábẹ́ bọ́ǹbù ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ ìyá lọ sí ibi tí bọ́ǹbù kò dé lọ.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì àti oṣù márùn-ún ni fíìmù náà tẹ̀ lé. Wọ́n ń pè é ní Laura. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò ní ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ ìdodo, ìyá kò lè dúró tì í. Laura kì í ké púpọ̀. Ohun tó ń ba ni lọ́kàn jẹ́ nínú fíìmù náà nìyẹn: o máa rí ojú rẹ̀ tó ń fà, tó ń fi agbára mú un tò, tó ń béèrè ìyá rẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Robertson gbé e fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọsibítù ìgbà náà kì í fẹ́ kí òbí wá lójoojúmọ́, ìdí wọn sì ni pé bí òbí bá wá tó tún lọ, ọmọ á ké. Bí kò bá wá, ọmọ á tòrò. Robertson ní ọmọ kọ́kọ́ máa ń jà fún ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ ìrètí nù, lẹ́yìn náà á ṣe bí ẹni pé kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, ìpele kẹta yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì sì ń pè ní ara mímọlé. Ìgbà tó di 1959 ni ìgbìmọ̀ ìjọba kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa wọlé nígbàkigbà. Ẹ má sì gbàgbé pé ní 1954, ní Arò l'Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń gba àwọn alárùn ọpọlọ sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, tòun ti mọ̀lẹ́bí wọn, kí ojú tí aláìsàn mọ̀ má baà jìnnà sí i.

Ìyá ọmọ tí mo ń wò fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà àbáyọ, èmi kò sọ nǹkan kan fún un. Ó ń pe màmá lórí fóònù tí wọ́n ti ń rí ara wọn. Ọmọ á na ọwọ́ sójú màmá, á wá yí fóònù náà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òun àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀já màmá ṣeré: ìyá á fi bojú, á ní, "Màmá dà?", ọmọ á fà á kúrò, á sì bú sẹ́rìn-ín. Eré náà kì í sú u. Freud ti rí i rí lára ọmọ ọmọ rẹ̀, Ernst, tó jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀, tó ń ju kẹ̀kẹ́ òwú onígi sẹ́yìn kọ́tìnnì ibùsùn rẹ̀, tó tún ń fi okùn fà á jáde, ní àwọn ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá jáde. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1920: ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìbi í ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń fini sílẹ̀, tó sì ń pe ni padà. Ernst dàgbà, òun náà di atúpalẹ̀-ọkàn.

Bí mo ti ń kọ èyí, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tí a kò bá ṣe irú eré yẹn. Láti ọdún 1950 sókè, ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó wá kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, fi ọmọ ọwọ́ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó alágbàtọ́ ní ìgbèríko. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, onílé kò fẹ́ ọmọ nínú ilé rẹ̀, àṣà ilé sì ti kọ́ wọn pé ọmọ lè dàgbà lọ́dọ̀ àǹtí tàbí ìyá àgbà kó má sì bàjẹ́. N kò lè sọ wọ́n lókùúta. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé lọ́dọ̀ àǹtí ní Ìlẹ̀ṣà ń rí ìyá rẹ̀ nígbà ọdún, ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Òṣèré Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n gbé fún ìdílé òyìnbó ní Tilbury nígbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti fi ayé tirẹ̀ ṣe fíìmù kan tó jáde ní 2018, ó pè é ní Farming. Ọmọ náà dàgbà débi pé ó bá àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń na àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìgboro ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti ka ìwé Anna Freud ti 1936 yóò mọ ọgbọ́n tó ń dá. Àwọn mìíràn, nígbà tí òbí kàwé tán tí wọ́n wá mú wọn lọ sílé, ìyá òyìnbó ni wọ́n ń ké pè nínú ọkọ̀. Wọ́n ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mọ ìwé kà.

Mo parí ọdún méjì mi, mo sì ti padà sí wọ́ọ̀dù. Mo ṣì ń gbé ọmọ. Mo kàn ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbé e ni, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ òbí pé báwo ni wọ́n ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ iye tó ń sọ fún mi pé àwọn yọ́ lọ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, sí ìrìn àjò, sí òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ́ lọ. Bó bá ń sùn, ẹ jí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ sọ ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ bá sì máa padà wá, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún pàápàá, ẹ sọ fún un. Yóò ké. Ẹ jẹ́ kó ké, kí ẹni tó kù nílé sì gbà á mọ́ra títí ẹkún náà yóò fi tán.